Ilé Ìwé Ẹ̀gbẹ́ Ìkòkò Aró

Láti ọjọ́ tí Àjọkẹ́, ọmọ mi obìnrin kejì, ti pè mí láti Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sọ fún mi pé òun ti yọ àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní ilé ìwé, pé inú ilé ni òun fúnra òun yóò ti máa kọ́ wọn láti ìsinsìnyí lọ, ni ọkàn mi kò ti gbélé mọ́, tí ó ń rìn padà sí ìgbà tí òun alára wà ní ọmọdé, tí ó ń jókòó lórí ẹní níwájú mi, tí èmi náà ń kọ́ ọ nílé. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé òfin kò lòdì sí ohun tí òun ń ṣe: pé láti ọdún 1994 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Texas ti fọwọ́ sí i pé ilé tí òbí bá ti ń fi tọkàntọkàn kọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ ilé ìwé aládàáni ní tirẹ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti ń kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò, àti ìwà tí ó yẹ ọmọ ìlú. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dúró nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé, ní nǹkan bí àkókò kan náà tí àwọn adájọ́ òkè òkun ń jókòó lórí ẹjọ́ yẹn, èmi àti àwọn ọmọ mi wà ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, a ń ṣe irú nǹkan náà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé wọ́n ti ti ilé ìwé pa, kò sì sí ibòmíràn tí a lè mú ọmọ lọ.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ẹni tí ó bá dàgbà tó yóò rántí pé ní 1991 ni ìjọba ológun fi òfin gbé ẹrù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ka ìjọba ìbílẹ̀ lórí, tí owó oṣù àwa olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ ní ibi púpọ̀, tí ó fi di pé ìyanṣẹ́lódì kan kì í tíì tán nílẹ̀ kí òmíràn tó gbérí. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1993, tí a rò pé ara yóò tù wá, wọ́n fagi lé ìbò tí a dì ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ìlú dàrú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì da iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò rìn, ọjà kò sì ná bí ó ti yẹ. Ilé ìwé a ṣí lónìí, a sì tún tì lọ́túnla. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. N kò sì lè máa wo ọmọbìnrin mẹ́ta níran kí èyí tí wọ́n ti mọ̀ máa ṣí kúrò lórí wọn.

Ilé tí a ń gbé wà ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Yàrá mẹ́wàá ni ó ní, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan là á láàárín, kò sì sí yàrá kan tí kò ní ọmọ nínú. Ìyá Ẹlẹ́kọ wà ní yàrá àkọ́kọ́, Bàbá Aránṣọ tẹ̀ lé e, àwọn ará Ìjẹ̀bú kan wà níwájú wa gan-an, tí ohùn wọn a máa bú sí ẹ̀rín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí àkùkọ ilé tó jí. Ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, ni Ìyá Aláró to àwọn ìkòkò rẹ̀ sí, òórùn èlú sì ti wọ ògiri ilé náà lára débi pé àlejò kì í tíì wọlé tán kí ó tó mọ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ìkòkò yìí ni mo tẹ́ ẹní sí, nítorí pé ibẹ̀ ni òjìji igi pẹ́ sí jù lọ.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìkíni. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé Òpómúléró, n kò gbọdọ̀ dá ọmọ ọkọ mi lóhùn lásán bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀; mo ní láti kì í, kí n pè é ní ọmọ Òpó, kí n sì pe oríkì tirẹ̀ gan-an mọ́ ọn. Àbẹ̀kẹ́ ni àkọ́bí, Àjọkẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, Àmọ̀kẹ́ sì ni àbíkẹ́yìn, mo sì máa ń fa ìparí orúkọ náà gùn títí orúnkún ọmọ yóò fi kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn tèmi, wọn yóò lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, wọn yóò kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà ilé, àgbà kọ̀ọ̀kan yóò sì kì wọ́n bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ìwà tí àwọn ará Texas kọ sínú òfin wọn, a kò yà á sọ́tọ̀ ní wákàtí kan nínú ètò ẹ̀kọ́ wa. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà mẹ́wàá kọjá kí a tó ṣí ìwé.

A kò ní pátákó ìkọ̀wé. Bàbá Aránṣọ ni ó fún wa ní pákó kan tí ó ti ń gé aṣọ lórí rẹ̀ rí, àwọn ọmọ sì gún èédú títí ó fi kúnná, wọ́n pò ó mọ́ oje ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n fi àkísà kùn ún, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n tún un kùn, títí ó fi dúdú dáadáa, tí ṣọ́ọ̀kì fi ń hàn lórí rẹ̀ kedere. Ní ti ìwé tí wọn yóò kọ nǹkan sí, ọkọ mi ni ó ń wá a. Ilé ìtẹ̀wé kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ ìwé ilé ìwé jáde fìdí kalẹ̀ sí; gbogbo etí ìwé tí ẹ̀rọ bá gé bọ́ sílẹ̀, yóò kó o sínú àpò wálé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìwé náà, ó sì gùn, nítorí náà àwọn ọmọ kò lè kọ̀wé lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí olúkúlùkù ti ń kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ méjì méjì lórí ìlà. Títí di òní olónìí, ìkọ̀wé Àbẹ̀kẹ́ kéré, ó sì tò létòlétò, tí n bá sì rí lẹ́tà rẹ̀, etí ìwé wọ̀nyẹn ni mo ń rí.

Aláwìíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ ni a fi ń ka Yorùbá. Àwa olùkọ́ ìgbà náà ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n lò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tiwa, a kò láǹfààní láti dán an wò. Lórí ẹní yìí, kò sí alábòójútó tí yóò bi mí. Ọmọ ayò ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ̀ pé ojú méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, pé mẹ́rin mẹ́rin ni à ń sọ sójú kọ̀ọ̀kan, pé gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí iye yìí kò tó wa mọ́, a yá ọmọ ayò Bàbá Aránṣọ kún un. Mo rántí ọjọ́ tí mo ní kí Àjọkẹ́, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, fi ọmọ ayò to àrùndínláàádọ́ta fún mi. Ó to ogún ogún sí ọ̀nà mẹ́ta, ó mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún mú márùn-ún kúrò, ó wá gbójú sókè wò mí bí ẹni tí ó ṣẹ́gun. Inú mi dùn ju bí ẹnu ti lè sọ lọ.

Olùkọ́ tí ó jù mí lọ ní ẹ̀yìnkùlé náà kò wọ ilé ìwé rí. Ìyá Aláró ti darúgbó nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, adìrẹ ẹlẹ́kọ sì ni iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Yóò ká aṣọ funfun sí méjì, yóò tún un ká, yóò tẹ ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, nígbà tí ó bá sì tú u, ojú igun mẹ́rin mẹ́rin ni ìwọ yóò rí tí wọ́n bára dọ́gba láìsí rúlà. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, tí yóò máa ya iṣẹ́ sójú kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàndùn ni ó fẹ́ràn jù. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí àwọn òyìnbó kọ́ parí ní 1929, wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó àti òpó. Bí ó bá fẹ́ fi òpó han àwọn ọmọ mi, yóò kàn nawọ́ sí òkè lókè orí wa ni, nítorí pé gbọ̀ngàn náà ń wò wá láti ibẹ̀. Ó gba Àbẹ̀kẹ́ láyè láti ya ojú kan nínú aṣọ títà. Èmi ń gbọ̀n pé ọmọ náà yóò ba ọjà obìnrin jẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Aláró ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní ọwọ́ tí kò bá ya ti èké rí, kò lè ya tòótọ́.

Aró fúnra rẹ̀ ni ó dá Àjọkẹ́ dúró. Láti ìgbà tí ìyá náà bá ti ń gún ewé èlú, tí ó ń mọ ọ́n ní òkìtì róbótó róbótó tí ó ń sá a, títí dé ìgbà tí ó fi ń jo omi eérú láti inú ìkòkò òkè sínú ti ìsàlẹ̀, tí ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó ti kan tó, ọmọ náà kì í kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó ń yà á lẹ́nu jù ni pé bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, kí ó tó di pé, níṣojú gbogbo wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di aró. Mo ṣàlàyé fún un pé atẹ́gùn ni ó ń ṣe é. Ó ní ta ni ó sọ fún Ìyá Aláró. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni ó lọ kọ́ ní yunifásítì nígbà tí ó dàgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a máa ń dirí. Bí mo bá ti gbé orí ọ̀kan sáàárín orúnkún, tí mo fi òòyà là á, èyí tí kò tíì kàn yóò máa ka Aláwìíyé sókè kí gbogbo wa gbọ́, bí ó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, èyí tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ni yóò tún un ṣe láìgbé orí. Ṣùkú ni Àbẹ̀kẹ́ máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, pàtẹ́wọ́ ni ti Àjọkẹ́, Àmọ̀kẹ́ tí orí máa ń dùn a gba ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ìyá Ẹlẹ́kọ a gbé àpótí tirẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, ìyá Ìjẹ̀bú a tẹ̀ lé e, kò sì ní pẹ́ tí ìwé kan yóò fi máa lọ láti ọwọ́ ọmọ kan sí ti èkejì, tí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà yóò fi há a sórí láti ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti eré. Wọ́n a fi èédú ya ṣúwẹ̀ sí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ayálégbé tí baba rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kan ní gbogbo Ìbàdàn a sì di onílé mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní tẹ́ǹ-tẹ́ǹ, ọmọ méjì a dojú kọ ara wọn, wọ́n a pàtẹ́wọ́, wọ́n a fò, ẹsẹ̀ tí ọ̀kan bá nà ni yóò sọ bóyá ó jẹ tàbí kò jẹ, àríyànjiyàn lórí ẹsẹ̀ yìí ni mo sì gbà pé ó kọ́ Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn kékeré a gbé agolo tòmátì ka orí òkúta mẹ́ta, wọ́n a fi ewé se ọbẹ̀, wọ́n a pọn ṣùkù àgbàdo sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì ń ṣe ilé ìwé, Àmọ̀kẹ́ ni olùkọ́. Yóò so ìborùn mi mọ́dìí, yóò fi igi gbá ògiri, yóò sì béèrè owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kí ó tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Nígbà tí iná bá lọ lálẹ́, Bàbá Aránṣọ a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a ké àlọ́, gbogbo ilé a sì dáhùn, títí kan àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò fetí sí i.

N kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó dùn nìkan han ẹni tí ó ń ka ìwé yìí. Kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí tó jókòó lórí ẹní, wọ́n ti pọn omi láti inú kànga, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti fọ àwo, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n. Ìbátan ọkọ mi kan wá kí wa, ó bá wọn nídìí lántánì, ó bi ọkọ mi pé kí ni ó ń jó epo lé lórí, ṣé kò mọ̀ pé ilé onílé ni àwọn wọ̀nyí ń lọ ni. Ọkọ mi kò dá a lóhùn, nítorí àgbà ni. Ní ọjọ́ kejì, etí ìwé tí ó kó wálé pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní yàrá ìkẹyìn ni ọmọbìnrin kan wà tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò ju ti gbogbo wọn lọ, àwọn ọmọ tèmi pẹ̀lú. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì gùn, ìyá rẹ̀ gbé àtẹ iyọ̀ àti ìṣáná lé e lórí. Ó ṣì ń wá; yóò gbé àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, yóò ṣe ìṣirò tí ó wà lórí pátákó ní ìdúró, yóò sì tún gbé e. Nígbà tí ilé ìwé ṣí, kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo lọ bá ìyá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi yóò wá ìwé rẹ̀. Obìnrin náà kò bá mi jà. Ó ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣé, Ọlọ́run yóò bá yín wo àwọn tiyín. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ kí a jẹ lónìí?” Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń yin ilé elérò púpọ̀ níwájú mi, ọmọ yìí ni mo máa ń rántí, nítorí pé gbogbo wa ni a wà nínú ilé náà, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó lóye, a sì rí i bí ó ti ń jáde pẹ̀lú àtẹ.

Mo ti lọ sí Houston láti wo Àjọkẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Tábìlì ńlá wà ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, àwòrán ayé wà lára ògiri, ìwé sì kún ilé ju èyí tí gbogbo ilé ìwé tí mo ti kọ́ ọmọ ní lọ. Àwọn ọmọ náà kì í pọn omi. Wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà láìbẹ̀rù. Mo ń pa àlọ́ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, nípa Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, èyí àkọ́bí dá mi dúró, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí Yánníbo kò kó jáde?” Ní ẹ̀yìnkùlé wa, kò sí ọmọ tí yóò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Aránṣọ, àwọn ọmọ mi pẹ̀lú yóò kàn gbe orin àlọ́ náà ni. Inú mi dùn pé ó béèrè, a sì fi àlọ́ sílẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ lórí Yánníbo títí oorun fi gbé àbúrò rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá parí ní ọ̀sán, kò sí ọmọ kankan lójú pópó. Àwọn ilé tò lọ rẹrẹ, koríko wọn mọ́, ilẹ̀kùn wọn pa dé. Bí ọmọ bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, àwọn ìyá yóò ti sọ ọ́ lórí fóònù ṣáájú, wọn yóò dá ọjọ́, wọn yóò sì wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Àjọkẹ́ ni olùkọ́, òun ni onídìrí, òun ni apàlọ́, òun náà ni ó ń bá wọn ta ayò. Ní alẹ́, mo rí i bí ó ti ń tẹjú mọ́ ìwé tí yóò kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe dá a ṣe nígbà náà, tí n kò ní ìwé, tí n kò ní owó oṣù. Mo sọ òtítọ́ fún un pé n kò dá a ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Yàrá mẹ́wàá ni ó kọ́ ọ. Èmi kàn mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ni.

Ó ronú lórí rẹ̀. Kí n tó padà wálé, ó ti wá àwọn ìdílé mélòó kan rí, Yorùbá méjì nínú wọn, tí àwọn náà ń kọ́ ọmọ wọn nílé, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n fi ìpàdé sí, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí koríko kò tíì bò tán. Mo gbọ́ pé ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò kan, aládùúgbò wọn, ti mọ tẹ́ǹ-tẹ́ǹ débi pé ó ń bá wọn ṣàríyànjiyàn lórí ẹsẹ̀. Ní oṣù tí ó kọjá, Àjọkẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti rí èlú rà, pé òun fẹ́ gbé ìkòkò aró kalẹ̀, pé kí n bá òun béèrè bí Ìyá Aláró ti ń ṣe omi eérú. Ìyá náà ti lọ sí ọ̀run. Mo gba ẹsẹ̀ òkè Mápó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì fara balẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi: irú igi tí a ń sun, bí a ti ń lu ìkòkò òkè nídìí, iye ọjọ́ tí a fi ń bò ó, bí òórùn rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ rí kí a tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ó ti sọ ọ́, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọjọ́ kí ọjọ́ tí ìkòkò náà ì báà pé, Àjọkẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí i, àfi ní ọjọ́ Ẹtì.